Ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ Tó Rọ: Ẹ Wo Inú Àwo Kí Ẹ Tó Wo Ojú Orogún

  

Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò sìn ín rí. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó fi owó tí ó ṣẹ́ kù lára owó ọjà ra abo mẹ́ta àti akọ kan, tí ó dúró fún ọjọ́ 35 gbáko kí ẹyin tó di ọmọ, tí ó sì ń wo àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ náà bí owó ìwé àti owó kéú àwọn ọmọ tirẹ̀, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn àgò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ márùn-ún sáré jáde, kí mẹ́ta sì jókòó sílẹ̀ láìlè dìde. Ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere, ẹnu wọn ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́. Ìyẹ́ ni wọ́n fi ń wọ́ ara wọn nílẹ̀.

Kí ni a sábà máa ń ṣe ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn kan a máa sáré mú ọ̀bẹ, kí wọ́n lè ṣe bísímílà sí i kí ó tó kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn a sì máa wo ọ̀nà tí kò yẹ kí wọ́n wò. Wọn a rántí pé orogún àwọn gba ẹ̀yìn àgò kọjá lánàá, tàbí pé aládùúgbò tí àwọn bá jà lórí omi kànga ló bẹ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ náà wò tí ó ní wọ́n mà dára o. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di ariwo nìyẹn, tí ariwo ń di ìjà, tí ilé tí ó ti tòrò yóò sì dàrú nítorí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀sìn wa kìlọ̀ fún wa gidigidi nípa fífi àbá lásán di ẹ̀ṣẹ̀ ru ọmọnìkejì ẹni.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ibi mẹ́rin ni a fẹ́ kí ẹ wò bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ bá rọ: ẹ wo inú àwo tí ó ti ń jẹun, ẹ wo ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀, ẹ wo ọwọ́ tí ń gbé e, kí ẹ sì wo gọ́tà àti ààtàn tí ó wà nítòsí ilé. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán kí ẹ má rí ọ̀daràn náà.

Àwo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀ràn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ti ń wá. Pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe adìẹ. Àwa a máa da àgbàdo lílọ̀ kan náà sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, a ó sì rò pé ohun tí ó tó ọmọ adìẹ á tó ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èròjà kan wà nínú ìdílé fítámì B tí àwọn dókítà ń pè ní niacin. Ara adìẹ lè dá díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe láti inú oúnjẹ mìíràn, ṣùgbọ́n ara pẹ́pẹ́yẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀, inú oúnjẹ ni ó ti gbọ́dọ̀ rí i gbà. Nínú ìwé tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 1994 nípa oúnjẹ ẹyẹ ọ̀sìn, wọ́n kọ ọ́ pé kílò kan oúnjẹ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ń fẹ́ niacin tí ó tó mílígíráàmù 55, nígbà tí 27 tó fún ọmọ adìẹ tí a ń sìn fún ẹyin. Ìlọ́po méjì nìyẹn.

Àgbàdo sì nìyí, oúnjẹ tí ń yóni dáadáa ni, ṣùgbọ́n niacin tí ó wà nínú rẹ̀ so mọ́ ara èso náà tó bẹ́ẹ̀ tí inú ẹyẹ kò fi lè tú u sílẹ̀. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí a ń fún ní àgbàdo nìkan, tàbí èérí ògì, tàbí èèpo iṣu nìkan, yóò yó bámúbámú, egungun rẹ̀ yóò sì máa pa ebi. Ebi inú ọ̀pọ̀ ni a lè pè é.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹyẹ nìkan ni irú èyí ń ṣe. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àìsàn kan ń bó awọ ara àwọn tálákà, ó ń da inú wọn rú, ó sì ń ba orí wọn jẹ́. Àwọn ènìyàn rò pé ó ń ràn ni, wọ́n sì ń sá fún àwọn tí ó ń ṣe. Láti ọdún 1914 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Joseph Goldberger ti ń fi hàn wọ́n pé kò sí ohun tí ń ràn nínú rẹ̀, pé oúnjẹ ni: àgbàdo ni àwọn tálákà wọ̀nyí ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, wọn kì í sì í rí ẹran, wàrà àti ẹyin jẹ tó. Ní ọdún 1937 ni onímọ̀ mìíràn, Conrad Elvehjem, wá mọ èròjà tí ó ń wọ́n lára wọn. Niacin kan náà ni. Ẹ ò rí i bí àwọn ènìyàn ti sá fún ara wọn fún ọdún pípẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé inú àwo ni ọ̀ràn wà.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ náà yóò rin ìgbésẹ̀ mélòó kan, yóò sì jókòó. Oríkèé àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ̀ bí ọrun, yóò máa rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Kò ní dàgbà bí àwọn yòókù. Bí ẹ bá tètè rí i, ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta oògùn, kí ẹ ra niacin, kí ẹ ka iye mílígíráàmù tí ó wà nínú hóró kan lára páálí rẹ̀. Mílígíráàmù 100 sí 150 ni kí ẹ lọ̀ sínú omi lítà mẹ́rin, kí ó jẹ́ pé omi náà nìkan ni wọn yóò máa mu, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tí ìyà náà kò tíì jẹ pẹ́ lè dìde láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí ẹ má dá a dúró nígbà tí wọ́n bá dìde o, kí ẹ máa bá a lọ títí wọn yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni a gbọ́dọ̀ sọ: èyí tí egungun rẹ̀ bá ti wọ́ tán kì í sábà padà tọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí a máa wo ẹsẹ̀ wọn láràárọ̀.

Ohun tí ó sàn ju oògùn lọ ni kí oúnjẹ wọn pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ. Bí ẹ bá bu ife àgbàdo lílọ̀ mẹ́ta, ẹ bu ife kan kúlíkúlí àti ẹja gbígbẹ tí ẹ ti gún pọ̀ sí i. Ẹ̀pà àti ẹja ní niacin dáadáa. Ẹ rí i pé kúlíkúlí náà kò ní iyọ̀ àti ata, àti pé ẹja náà kì í ṣe oníyọ̀, nítorí pé iyọ̀ púpọ̀ ń pa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ tún máa jẹ́ kí wọ́n tẹ̀lé ìyá wọn lọ sórí koríko, kí wọ́n lọ wá ekòló àti kòkòrò jẹ. Bóyá ẹ ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé pẹ́pẹ́yẹ ayé àwọn kì í yarọ. Wọn kò parọ́: pẹ́pẹ́yẹ ayé ìgbà náà ń jẹ̀ káàkiri létí odò, àwa ni a há tiwa mọ́ inú ọgbà olókùúta tí a sì ń da àgbàdo sí i.

Bí ẹ bá sì ń ra oúnjẹ ọmọ adìẹ tí wọ́n di sínú àpò, ó dára ju àgbàdo nìkan lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa fi niacin sí omi wọn, nítorí pé adìẹ ni wọ́n po oúnjẹ náà fún. Ẹnìkan lè sọ fún yín pé kí ẹ máa fi ìwúkàrà gbígbẹ tí ó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń pọn ọtí bíà sí i. Òtítọ́ ni pé niacin wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọkàn rẹ̀ bá kọ ọ́ nítorí ibi tí ó ti wá kò pàdánù ohunkóhun: ẹja, ẹ̀pà àti hóró oògùn tí a sọ lókè yìí yóò ṣe iṣẹ́ kan náà.

Kí a tó kúrò lórí àwo, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ ohun tí ó bu. Ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí òjò pa, tí ó sì bu, àwa a máa sọ pé kò ṣeé jẹ fún ènìyàn, kí a dà á fún ẹyẹ. Kò sí ohun ọ̀sìn tí èyí tètè ń pa bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ́lọ́tọ́ló tí ó ju 100,000 lọ kú láàárín oṣù mélòó kan, ọ̀pọ̀ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ sì bá a lọ. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, oúnjẹ ẹ̀pà tí ó ti bu, tí wọ́n kó wá láti Brazil, ni wọ́n rí. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí ó bá jẹ ẹ́ kò ní fẹ́ jẹun mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè pọ́n bí àwọ̀ àlùkò, yóò máa tiro, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọrùn rẹ̀ yóò sì ká sẹ́yìn kí ó tó kú. Májèlé náà kì í kú bí a bá sè é, sísá a sóòrùn kò sì mú un kúrò. Nítorí náà, kúlíkúlí tí ẹ ó fi wo ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sàn, ẹ rí i pé tuntun ni. Èyí tí ó bá bu, ẹ rì í mọ́lẹ̀.

Ó kan ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀. Bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ bá yọ sórí ilẹ̀ tí ń yọ̀, bíi sìmẹ́ǹtì dídán, rọ́bà tàbí ìwé ìròyìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lè yà sọ́tùn-ún sósì kí ó má lè kó wọn jọ mọ́. Ẹ fi àkísà rírọ̀ so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ bíi nọ́ńbà 8, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn tó ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí, kí ẹ má sì fà á le. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ọjọ́ díẹ̀ ni, yóò tọ́. Koríko gbígbẹ tàbí èérún igi láti ọ̀dọ̀ káfíńtà ni kí ẹ tẹ́ fún wọn. Fún àwọn ńlá, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì líle tàbí òkúta ṣóńṣó a máa dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, nítorí pé pẹ́pẹ́yẹ wúwo, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rí i tí ó ń tiro, ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè wò. Bí egbò bá wà níbẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ díẹ̀ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í, kí ẹ sì gbé e sórí koríko gbígbẹ. Bí ó bá wú tí ó sì le, dókítà ẹran ni kí ẹ pè, ẹ má fi abẹ́ là á fúnra yín.

Oòrùn náà jẹ́ oúnjẹ. Èyí tí a há mọ́ inú òkùnkùn láti àárọ̀ dé alẹ́, egungun rẹ̀ yóò rọ̀ bí ẹ̀ka ewúro. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí oòrùn òwúrọ̀. Àwọn abo tí ń yé ẹyin sì ń fi ohun tí ó wà nínú egungun wọn ṣe èèpo ẹyin, nítorí náà ẹ máa gún ìkarahun ìgbín tàbí èèpo ẹyin tí ẹ ti yan, kí ẹ gbé e sínú àwo lọ́tọ̀ fún wọn. Akọ kan tó fún abo mẹ́rin sí márùn-ún. Bí akọ bá pọ̀ jù, wọn yóò máa gùn wọ́n títí ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ àwọn abo yóò fi bàjẹ́, nítorí pé akọ pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó abo méjì.

Ọwọ́ ni ìkẹta, àwa fúnra wa sì ni. Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ kò lágbára bí ẹsẹ̀ adìẹ. Ẹni tí ó bá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, tí ó dorí rẹ̀ kodò láti ọjà dé ilé, lè ti yẹ oríkèé rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ kan ni kí ẹ fi gbé àyà rẹ̀, kí ẹ fi èkejì di ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ ara. Okùn ńkọ́? A máa ń so okùn mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ kí a lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti aládùúgbò. Ẹyẹ ń dàgbà, okùn kì í dàgbà. Yóò máa wọ inú ẹran lọ títí ẹsẹ̀ yóò fi wú tí yóò sì kú. Ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí sì máa ń dá ẹyẹ tí ń jẹ ìdọ̀tí dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó máa jẹ oúnjẹ mímọ́ kí wọ́n tó pa á. Àṣà tó dára ni. Ṣùgbọ́n abẹ́ àgò ni kí ẹ dá a dúró sí, ẹ má so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga.

Ibi kẹrin, gọ́tà àti ààtàn, ni a bẹ̀ yín kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́. Arọ kan wà tí kì í ṣe ti oúnjẹ tí kò pé, àgbà àti ọmọ ni ó sì ń mú. Bí eku tàbí adìẹ bá kú sí ibi tí ó lọ́rinrin, tí ó rà, májèlé líle kan a máa wà nínú òkú náà. Ìdin tí ń jẹ ẹ́ yóò gbé májèlé náà sínú láìṣe é ní nǹkan kan, pẹ́pẹ́yẹ yóò sì wá ṣa ìdin náà jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà ìyẹ́, lẹ́yìn náà ọrùn, títí yóò fi tẹ́ ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ bí okùn. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ kó àwọn yòókù kúrò níbẹ̀ kíá, ẹ wá òkú náà rí, ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í jìn. Ẹ gbé omi mímọ́ sítòsí ẹnu èyí tí ó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sínú omi jíjìn, nítorí pé orí rẹ̀ lè rì. Èyí tí kò jẹ púpọ̀ lè bọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ wá kù. Òkúǹbete kò tọ́ fún Mùsùlùmí, gbogbo wa ni a mọ èyí, ìdí sì nìyẹn tí ọwọ́ wa fi ń yá sí ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́ láti pa ní ti ẹ̀sìn gbọ́dọ̀ dára fún ara pẹ̀lú. Pẹ́pẹ́yẹ tí oríkèé rẹ̀ yẹ̀, tí ara rẹ̀ dá ṣáká, ẹ lè pa á kí ẹ sì jẹ ẹ́. Èyí tí ọrùn rẹ̀ rọ, tàbí tí ó jẹ ohun tí ó bu, tàbí tí ẹ kò mọ ohun tí ń ṣe é, ẹ má ṣe gbé e ka iná fún àwọn ọmọ yín, ẹ má sì fi ṣe sàárà fún ẹlòmíràn. Èyí tí ẹ ti fún ní oògùn dókítà, ẹ dúró kí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn náà pé. Bí ọ̀pọ̀ ẹyẹ bá sì ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọrùn wọn ń lọ́, ẹ má fi ọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má kó wọn lọ tà lọ́jà. Ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ìjọba. Ní oṣù kejì ọdún 2006 ni àrùn lúgbàdì ẹyẹ tí ń pa ènìyàn ti kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà níbí ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé e kiri láìfi hàn.

Èyí tí ẹ bá ń tọ́jú lọ́wọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀ kí àwọn yòókù má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó máa rí wọn, nítorí pé pẹ́pẹ́yẹ kò fẹ́ràn kí ó dá wà. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi sí ibi tí ẹnu rẹ̀ yóò tó. Bí ọrùn rẹ̀ bá le, ẹ lè gbé e sínú ọpọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́: omi yóò gbé ara rẹ̀, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ wa omi láìsí ẹrù lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún gbẹ, kí òtútù má mú un.

Ẹ̀yin ìyá wa, gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìtàn obìnrin tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ fún wa, ẹni tí ó há ológbò mọ́lẹ̀ tí kò fún un ní oúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ, tí ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ wọ iná. Ẹyẹ tí a há mọ́ ọgbà kò lè wá ekòló fúnra rẹ̀, àwa ni a gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmánà ni ó jẹ́ lọ́rùn wa láti fún un ní ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́, kì í ṣe ohun tí yóò kàn yó o. Àti orogún, àti aládùúgbò, àmánà ni iyì wọn náà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá ti fi ohùn kan ẹnìkejì rẹ̀ nítorí ẹyẹ tí ebi niacin ń pa, kí ó dìde lónìí kí ó lọ tọrọ àforíjìn, kí ó sì bu kúlíkúlí díẹ̀ dání bí ó bá ń lọ, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ àwọn pẹ́pẹ́yẹ tọ̀hún náà máa rọ.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó sì fi ìfẹ́ sáàárín wa, àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ìn ṣá Allahu.